Mi ò gbọ́ Faransé, ìjọ sì ń rán wa lọ Tógò
Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìjọ wa ní Ìbarà ń lọ ṣe míṣọ̀n ní Tógò fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀rù èdè ń bà mí o.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọmọ ECOWAS ni wá, wọn ò ní bi ẹ́ ní físà, ṣáà mú páṣípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára) dání, sẹfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ti èdè yẹn, ògbufọ̀ máa wà, sọ gbólóhùn kan kó o dúró kó túmọ̀ ẹ̀, jọ̀ọ́ má sáré! Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó wọ Abẹ́òkúta wa ní 1843 gan-an, Andrew Wilhelm ọmọ Ẹ̀gbá tó gbọ́ èdè wa ló bá a wá. Ní míṣọ̀n, àdúrà láàárọ̀, ilé dé ilé lọ́sàn-án, ìsọjí lálẹ́, ó máa ń rẹni gan-an ni, torí náà tètè máa sùn, oúnjẹ tí wọ́n bá sì gbé fún ẹ, jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, àkúmẹ̀ wọn jọ túwó.