Wọ́n dábẹ́ fún àkọ́bí mi nígbà kónílé-ó-gbélé. Èyí tó ń bọ̀ ńkọ́?

Ọmọ mi tó kọ̀wé láti Ìjerò, mo rí lẹ́tà rẹ. O ní abúlé màmá ọkọ rẹ lo bímọ sí ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, tí ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń bà yín, tí ọkọ rẹ sì há sí Èkó. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n pe olóòlà, ó dábẹ́ fún ọmọbìnrin rẹ. O tún ti lóyún, màmá sì ń ránṣẹ́ pé kó o máa bọ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ òun.

Má lọ.

Má sì dá ara rẹ lẹ́bi lórí àkọ́bí rẹ. Àṣà yìí ti wà ní Èkìtì tipẹ́ kí kòrónà tó dé, ṣùgbọ́n kónílé-ó-gbélé lé gbogbo ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ọmọ wọlé. Nọ́ọ̀sì tí ì bá kìlọ̀ fún yín kò rí yín, àwọn tó ń wàásù ta kò ó láti abúlé dé abúlé kò lè jáde. Kì í ṣe ilé yín nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, UNFPA, ẹ̀ka àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbímọ, ṣírò pé láàárín ọdún 10, ó lè jẹ́ mílíọ̀nù 2 ìgbà tí abẹ́ máa kan ọmọbìnrin, tí kì bá ti ṣẹlẹ̀ ká ní àjàkálẹ̀ àrùn náà kò dá iṣẹ́ àwọn tó ń ta kò ó dúró. Ó dùn mí dọ́kàn.

Màmá ní bí orí ọmọ bá kan idọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ á kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n dábẹ́ fún gan-an ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dà lára wọn jù nígbà ìbímọ, àwọn ni ọmọ tuntun wọn sì ń kú jù. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2006.

Ọkọ rẹ ni kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, lójúkojú, kí oyún tó dàgbà. Kó sọ fún un pé òfin Èkìtì ti 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, kà á léèwọ̀. Ìwọ má bá màmá jà. Forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kó o sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé o kò fẹ́ abẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tó ń dá a níkọ̀kọ̀, nítorí náà sọ ọ́ kó yé wọn. Bí màmá bá fẹ́ wá wẹ ọmọ, kó wá sílé yín. Jókòó tì wọ́n nígbà ìwẹ̀.

Àkọ́bí rẹ ńkọ́? Bó bá ń sọ pé ìtọ̀ ń dun òun, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí.