Má tíì fi bíńdà kún un, àbúrò mi

Àbúrò mi, o ní àwòṣe ilé tí o ń fi ẹ̀rọ 3D oníyẹ̀fun POP tẹ̀ ń fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí o bá ti ń hú u jáde, pé ihò fèrèsé rẹ̀ sì ń dí. O wá ń bèèrè bóyá kí o fi bíńdà, omi tí hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ ń wọ́n sórí ìyẹ̀fun kó lè dì mọ́ra, kún un, àbí kí o mú ìpele, ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ tí rólà ń tẹ́ lé ara wọn, nípọn ju 0.1 mm lọ. Jọ̀wọ́, dúró ná.

Oṣù keje ni tèmi, òjò kò dá ní Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá, iṣẹ́ oníbàárà sì wà nílẹ̀: ilé alájà mẹ́rin. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń fọ́ bí ìpékeré. Mo pe ẹnjiníà tí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi máa ń rán wá. Kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, kò bèèrè ibi tí mo ń kó o sí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gbé bíńdà kúrò ní 100% lọ sí 140%, ó gbowó, ó lọ. Ó ní ẹ̀rọ tuntun ni, pé díẹ̀díẹ̀ la ó máa mọ̀ ọ́n. Tuntun kẹ̀? Láti 1993 ni Emanuel Sachs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ìwé-ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yìí ní MIT, yunifásítì kan l'Ámẹ́ríkà! Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìpele ìsàlẹ̀ rin gbingbin, ó lẹ̀ mọ́ rólà, rólà sì wọ́ odidi ilé náà kúrò níbi tó wà. Wákàtí mẹ́sàn-án, lórí jẹnẹrétọ̀. Mo tún un tẹ̀ nígbà mẹ́ta. Oníbàárà gba owó rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó bu ìyẹ̀fun náà sọ́wọ́, mo fún un. Ó dì bí èlùbọ́ tí òjò pa. POP tó bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le kí bíńdà tó kàn án, nítorí náà kì í dì mọ́ra dáadáa mọ́. Ó tún ń ṣe kókó, rólà kò lè tẹ́ ẹ dọ́gba, ibi tó bá sì jinkòtò, kò sí ohun tí bíńdà máa lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Wo fèrèsé rẹ. Bíńdà gbọ́dọ̀ rin ìpele kan já, kó kan èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá kéré, ìpele á máa ṣí bí àlùbọ́sà. Bó bá pọ̀ jù, á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ihò á dí. Fèrèsé tó ń dí ti fi hàn pé tìrẹ kò kéré. Ìyẹ̀fun ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Kó ìyẹ̀fun tuntun sínú bákẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí líle. Èyí tí o ti lò, jọ̀ ọ́ kí o tó pò ó mọ́ tuntun. Fífọ hẹ́ẹ̀dì àti ìyókù, o mọ ìyẹn. Ọwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́, dá a dùbúlẹ̀, àárín ìpele sí ìpele ló ti máa ń ṣẹ́. Má sì hú u kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé.

Bí o bá ń fi súpà gúlù rin àwòṣe náà kó lè le, má fi aṣọ òwú nù ún o! Ó máa ń gbóná débi pé ó lè jó ọ lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú. Má tún gba sẹ́tíǹgì lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú ẹ̀rọ yìí tẹ ìyẹ̀fun irin. Iná ìléru ni tiwọn ń wọ̀ lẹ́yìn náà, ó sì lè sún kì tó 15% sí 20%. Tìrẹ kò dé ìléru rárá.

Bí ìyẹ̀fun bá gbẹ tán tí fèrèsé ṣì ń dí, tẹ ọ̀pá kékeré kan ní bíńdà 100%, òmíràn ní 90%, kí o fọwọ́ ṣẹ́ méjèèjì wò. Ti ìpele tí o bèèrè, fi í sílẹ̀ ní 0.1 mm.