Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ajá yín kẹ́ ẹ tó gún un lábẹ́rẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Iléṣà pé ajá yín ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí àgbo, tí aládùúgbò sì ní kẹ́ ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ màlúù wá gún un: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Diminazene, oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ń pa Babesia àti Trypanosoma (kòkòrò tín-ín-tìn-tín inú ẹ̀jẹ̀) lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti wọ ara ajá, ohun tá à ń wá lè ti pòórá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bó bá sì jẹ́ Ehrlichia, bakitéríà inú sẹ́ẹ̀lì funfun, ló mú un, abẹ́rẹ́ náà ò ní wò ó sàn. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ò gba àfojúdá: 3.5 mg fún kílò kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ajá tí wọ́n tún gún lọ́jọ́ kejì torí pé "kò tíì dìde" ló máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri tí gìrì á sì mú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yè é.

Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ etí, kó tó gba ti iṣan ọwọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí Babesia ti wọ̀ máa ń há sínú iṣan tín-ín-rín, ibẹ̀ la sì ti ń ká wọn mọ́. Kó fá irun bèbè etí, kó fi sípíríìtì nù ún, kó jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí sípíríìtì tó bá ṣẹ́kù á bẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Kó fi abẹ́rẹ́ tuntun tọ́ ọ, kó nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù, kó gba èkejì sórí síláìdì (gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wò lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá), kó má ju orí ìṣáná lọ. Kó wá dẹ síláìdì kejì sẹ́yìn ní ìwọ̀n 30 sí 45 dígírì, kó fà á wá kan ẹ̀jẹ̀ náà, kó dúró kí ẹ̀jẹ̀ sáré gba etí rẹ̀ tán, kó tó tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan láìdúró, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó dáa á fẹ́lẹ́ bí ahọ́n kó tó dé òpin síláìdì. Èyí tó bá ki bí ọbẹ̀ ilá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí níbẹ̀: yálà ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, tàbí wọ́n nà síláìdì náà ró jù.

Kó ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó fẹ́ wọn gbẹ kíá. Lákòókò òjò, èyí tó bá pẹ́ kó tó gbẹ máa ń yọ ihò wẹ́wẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ihò yẹn sì ti sọ ọ̀pọ̀ ajá tí kò ní nǹkan kan di oní-Babesia. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì o. Eṣinṣin àti èèrà á lá a mọ́ féfé bí ẹni lá àwo ọbẹ̀.

Láàbù ènìyàn ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè bá yín kà á, torí bí wọ́n ṣe ń rẹ síláìdì ibà láró náà ni: methanol fún ìṣẹ́jú mẹ́ta (kì í ṣe sípíríìtì ojú egbò, omi wà nínú ìyẹn), lẹ́yìn náà aró Giemsa ìdá 10 nínú 100 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú omi bọ́fà (omi tí ìwọ̀n kíkan rẹ̀, ìyẹn pH, kì í tètè yí) tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.2, kì í ṣe omi kànga. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ajá ni, kí wọ́n má lọ kọ "MP++" (pé kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀) fún yín. Ibà ènìyàn kì í mú ajá. Ẹ má sì gbára lé iye tí ẹ̀rọ tí wọ́n tò fún ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá kà.

Etí àti ìparí ibi tó fẹ́lẹ́ lórí síláìdì ni kí wọ́n ti wò ó, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 100 olóróró. Babesia ńlá dà bí ẹ̀kán omi méjì tó fi ẹnu ṣóńṣó kanra nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan. Hepatozoon, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ míì, máa ń gùn roboto bí ẹyin aláǹgbá nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Ehrlichia ló ń fini ṣe yẹ̀yẹ́: ìdì wóróbo kan ni, inú monocyte (oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan) ló máa ń wà, kì í sì í sábà hàn rárá. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó ń léfòó lókè sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá yí ojú lẹ́ǹsì, òun àti sẹ́ẹ̀lì kì í mọ́ kedere pa pọ̀, èérí aró nìyẹn.

Trypanosoma kò fẹ́ aró púpọ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tútù kan lábẹ́ gíláàsì ìbòrí, lẹ́ǹsì 40, kíá kó tó kú: ẹ máa rí i tó ń jà fitafita láàárín sẹ́ẹ̀lì bíi tanwíjí inú omi àmù. Bí ojú ajá náà bá ti ń ràn bíi wàrà, tí kókó abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe PCV náà, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Ti ajá tara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 37 sí 55. Kí wọ́n wo omi tó lé sókè nínú ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ṣe é: bó bá pọ́n bí omi ṣobo, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ́ nínú iṣan, ó jọ Babesia, bó bá ní àwọ̀ ìyeyè bí ojú oníbà pọ́njú, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ bíbẹ́ ni. Bó bá mọ́ gaara tí PCV sì wálẹ̀, ẹ ronú sí aràn àti ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ bi ara yín náà bóyá ajá yẹn jẹ àjẹkù ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, torí àlùbọ́sà ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ ajá, ó sì ń sọ ìtọ̀ rẹ̀ di dúdú bákan náà.

Síláìdì tí wọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò dá ajá láre. Ẹ tún gba òmíràn lọ́jọ́ kejì, bí ara bá ń gbóná ju 39.5 dígírì Sẹ́ṣíọ̀sì lọ ló dáa jù. Ìdánwò kíákíá tí wọ́n ń pè ní SNAP 4Dx ń wá àmì pé ara ti bá Ehrlichia jà, ṣùgbọ́n kò mọ Babesia, kò mọ Trypanosoma, ó sì lè ṣì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí ajá ti yá. Fún PCR, ìdánwò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ìgò EDTA (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) onídérí elésè àlùkò kún dé ìlà rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó, oògùn inú ìgò á sọ sẹ́ẹ̀lì di híhunjọ. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ìgò náà lọ nínú yìnyín, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e kó má fara kàn án, kẹ́ ẹ sì ti ṣe síláìdì kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Bí PCV bá ti wà ní 15 tàbí kó wálẹ̀ sí i, ẹ má dúró de èsì kankan, ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún un ní ibuprofen nítorí ara gbígbóná, egbò ló máa dá sí i nínú. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì ti fún un, àgbo pàápàá, ẹ kọ ọ́ sára ìgò pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.