Èsì: RAV4 wo ló lè fa rẹ̀mọ́ọ̀kì kékeré?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ṣé RAV4, ọkọ̀ Toyota yẹn, oní-sìlíńdà mẹ́rin á lè fa rẹ̀mọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi kó àgbàdo láti Kétu wá sí Àjàṣẹ́, àbí kẹ́ ẹ wá V6, oní-sìlíńdà mẹ́fà. Ti 2006 sí 2012 tó ń wá láti Amẹ́ríkà, oní-mẹ́rin ò gbọdọ̀ fà ju nǹkan bíi 680 kílò lọ, V6 tí wọ́n ṣe fún fífà lè tó 1,580, àti rẹ̀mọ́ọ̀kì àti ẹrù ni wọ́n kà pọ̀ o. Àpò mẹ́ta mẹ́rin, oní-mẹ́rin ti tó, kò ní jẹ yín lépo púpọ̀.

Ìkọ́ ẹ̀yìn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó o mọ́ bọ́ńpà, férémù ni kí wọ́n dè é mọ́, kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lórí bọ́ọ̀lù ẹ̀, irin róbótó tí ẹnu rẹ̀mọ́ọ̀kì ń bò mọ́lẹ̀. Tèmi jẹ́ mílímítà 47.6 ti Amẹ́ríkà, ẹnu rẹ̀mọ́ọ̀kì jẹ́ 50 ti Yúróòpù, bá a ṣe kó sí kòtò kan lọ́nà Pọ́bẹ̀ báyìí ló fò yọ, ẹ̀wọ̀n nìkan ló dì í mú, gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n.