Workflow tó ń pòórá nígbà tí iná bá lọ

Àbúrò, o ní bí iná bá lọ ní Bódìjà, tí bátìrì laptop kú, gbogbo workflow (iṣẹ́ onípele tí o kọ ní kóòdù) inú Temporal rẹ (ètò tó ń rántí ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé) ló máa ń pòórá. Sáfà Temporal tó wà lórí laptop rẹ kò bàjẹ́. Bí o bá tẹ `temporal server start-dev` lásán, inú RAM ló ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Fáìlì ni kí o fún un:

`temporal server start-dev --db-filename /home/orukọ_rẹ/temporal/dev.db`

Kọ ọ̀nà fáìlì yẹn délẹ̀délẹ̀. Bí o bá kọ `dev.db` nìkan, fódà tí o bá wà lásìkò yẹn ló máa lò. Lọ́la tí o bá tan án láti fódà mìíràn, òmíràn tó ṣófo ló máa ṣí, wàá tún pariwo pé iṣẹ́ ti sọnù. Worker, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ inú kóòdù rẹ, ń bá pọ́ọ̀tù 7233 sọ̀rọ̀, UI (ojú ìwé tí o fi ń wo àwọn workflow) wà lórí 8233. Má fi `--ip 0.0.0.0`, tó ń ṣí i fún gbogbo ẹ̀rọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sí i lórí Wi-Fi àjọlò o: sáfà yìí kì í béèrè password lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ fáìlì nìkan kò tán ọ̀rọ̀. Bí iná bá dé, sáfà rántí ibi tí iṣẹ́ dé, worker ò rántí nǹkan kan. Ńṣe ló máa tún ìtàn workflow náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi kóòdù rẹ wé e. Bí o bá fi `time.Now()` tàbí nọ́ńbà random pinnu ibi tí workflow máa yà sí, tàbí o to àwọn activity rẹ̀ (ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà) pa dà nígbà tí wọ́n ń wá epo jẹnẹrétọ̀, ìtàn àti kóòdù ò ní bára mu, nondeterminism error dé nìyẹn. Láàárọ̀ ó ṣiṣẹ́ geere, torí worker kò tíì kú, ohun tó fi pa mọ́ sí RAM ló ń lò. Má dúró de iná kí o tó rí àṣìṣe yẹn. Má jẹ́ kí worker fi nǹkan pa mọ́ sí RAM: ní Go, kọ `worker.SetStickyWorkflowCacheSize(0)`; ní Python, fún Worker ní `max_cached_workflows=0`. Á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni àṣìṣe máa yọjú. Workflow tó bá ti há, `temporal workflow terminate --workflow-id` ni kí o fi pa á. Workflow ìdánwò kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú.

Activity tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iná lọ ńkọ́? Sáfà ò mọ̀ pé worker ti kú. Bí StartToCloseTimeout (àkókò tó pọ̀ jù tí ìgbìyànjú kan lè gbà) bá jẹ́ wákàtí 1, ó lè tó wákàtí 1 kí ó tó tún un gbé. Fi HeartbeatTimeout ìṣẹ́jú àáyá 30 sí èyí tó bá ń pẹ́, kí kóòdù inú rẹ̀ sì máa fi heartbeat, àmì pé ó ṣì wà láàyè, ránṣẹ́ sí sáfà ní tòótọ́; bí àmì náà bá pẹ́ ju timeout yẹn lọ, sáfà á gbà pé ó ti kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò nìyẹn: wọ́n fi timeout sí i, wọn ò fi heartbeat ránṣẹ́, activity tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 30 á máa já, á máa tún bẹ̀rẹ̀. Kò sì níye ìgbà tó máa gbìyànjú bí o ò bá fi MaximumAttempts dín in kù.

Tí activity bá ń yọ owó oníbàárà, mọ̀ pé ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: owó lè ti kúrò kí iná tó lọ, kí èsì má tíì dé ọ̀dọ̀ sáfà. Workflow ID àti activity ID ni kí o so pọ̀ ṣe reference tí ò ń fi ránṣẹ́ síbi ìsanwó. Bó bá ti jẹ́ nọ́ńbà tuntun lo ń ṣẹ̀dá nígbà gbogbo, ibi ìsanwó ò ní mọ̀ pé owó kan náà ni.