Ìwé tí àwọn ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì yín fọwọ́ sí kò lè gbà yín sílẹ̀

Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọn ọmọ tó ń bá yín gbé búrẹ́dì kiri ló ni ọ̀kadà wọn, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé ìwé yẹn.

Mo ti ṣe alábòójútó ọkọ̀ nílé búrẹ́dì kan n'Ìbàdàn rí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì kún fáìlì wa. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa kọ lu ìyá kan ní Ìwó Road, lọ́yà ẹbí ìyá náà ò tiẹ̀ wojú ìwé. Ohun tó bi wá ni pé, "Ta ló rán an níṣẹ́ láàárọ̀ yẹn?" Búrẹ́dì wa ló dì sẹ́yìn ọ̀kadà. Bọ́ọ̀sì ni ọ̀gá wa tà kó tó rí owó ìwòsàn san. Lábẹ́ òfin, ẹni tó gbani síṣẹ́ ló ń dáhùn fún ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá yà lọ gbé èrò fún àpò ara rẹ̀, ìyẹn lè yàtọ̀.

Ọmọ tó gun ọ̀kadà náà ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, kó má sì yọ ọ́ lára owó wọn. Ibẹ̀ ni ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ti ń gba owó ìrànwọ́. Bó bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òfin là sílẹ̀ fún wọn lóṣooṣù. Kódà, jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ilé sí ibi iṣẹ́ wà nínú òfin náà. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Ilé iṣẹ́ wa ò san kọ́bọ̀ rí, ẹbí ọmọ náà ló ń dáwó fún oníṣègùn eegun.

Ẹ má sì yọ owó àtúnṣe lára owó oṣù ẹnikẹ́ni. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ò gbà á láìjẹ́ pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹ wo inṣọ́ránsì ọ̀kadà wọn náà: bó bá jẹ́ ti lílò ara ẹni, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè ní gbígbé ẹrù títà ò sí nínú àdéhùn.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí lọ́yà ò ní sọ fún yín. Aago márùn-ún ìdájí ni búrẹ́dì wa ń jáde, ọ̀gá wa sì fẹ́ kó dé Mọ́níyà kí aago mẹ́fà tó lù, lẹ́yìn tí ọmọ tó gbé e bá ti já díẹ̀ fún ìsọ̀ mélòó kan lọ́nà. Ta ló lè ṣe é láìsáré? Ẹ fún àwọn ọmọ yín ní àkókò tó pọ̀ sí i láti dé ibi tí ẹ rán wọn. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn àti owó oṣù wọn sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NSITF lọ́sẹ̀ yìí.