Àárẹ̀ Àìsàn MS: Ṣé Ìsinmi Ni Tàbí Eré Ìdárayá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn dókítà ní London níbí ti sọ pé àìsàn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára tí ń jẹ́ multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS, ló ń ṣe àbúrò mi obìnrin. Bí ó bá wẹ̀ tán láàárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n màmá wa kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí ó rẹ̀ lọ sinmi. Lọ́jọ́ tí ó sì gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá, ojú rẹ̀ ṣú, ẹ̀rù bà wá. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá màmá yín lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n sọ yẹn ni àwọn dókítà fúnra wọn ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n rí MS lára Jimmie Heuga ní ọdún 1970, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré orí yìnyín (skiing) ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1964, wọ́n ní kó má ṣe fi ara ṣe wàhálà mọ́. Ìjókòó gẹlẹtẹ yẹn sọ ọ́ di aláìlágbára, títí ó fi ṣètò eré ìdárayá tirẹ̀, tí ó sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Colorado ní 1984 láti kọ́ àwọn mìíràn. Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah fi ọ̀sẹ̀ 15 dán an wò lára àwọn aláìsàn MS: àwọn tí ó ń ṣe eré ìdárayá lágbára sí i, ìbànújẹ́ ọkàn wọn sì dín kù.

Ní ti ojú tí ó ṣú, MS máa ń ba awọ tí ó bo àwọn iṣan ìmọ̀lára (nerve) tí ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán jẹ́, bí ara bá sì gbóná, iṣẹ́ tí ó rán náà á túbọ̀ falẹ̀ lójú ọ̀nà. Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ní Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ láti 1890. Bí ara bá tutù, ojú á tún là. Kì í ṣe pé àìsàn náà ń burú sí i. Àmọ́ bí ó bá ju ọjọ́ kan lọ, tàbí tí ojú ń dùn ún, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kí àbúrò yín máa ṣe eré ìdárayá rẹ̀ ní àkókò tí ara bá ti lè gbé e, nínú yàrá tí ó tutù, kí fáànù àti omi tútù wà nítòsí. Ìṣẹ́jú mélòó kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní 2013 fún àwọn tí àìsàn náà kò tíì wọ̀ lára púpọ̀ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré tí ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí ó fi dé ibẹ̀. Bí àárẹ̀ òní bá wọ ọ̀la, ó ti ṣe jù, kí ó dín in kù. Ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti oorun rẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìrí oorun sùn lè dá kún àárẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí màmá yín bá a lọ sọ́dọ̀ físíò, ìyẹn amòye tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn béèrè ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù.